Ta Ni Yóò Kó Eérú Rẹ̀? Ọ̀rọ̀ lórí epo onídán nínú ayé àròsọ

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ bá wa pé, a dúpẹ́, ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń dá ayé tí kò sí rí sílẹ̀ nínú ìtàn. Ọ̀rọ̀ yẹn gbòòrò ju wákàtí kan lọ, nítorí náà ẹyọ kan ni mo mú nínú rẹ̀: epo. Epo tí a fi idán ṣe ni mo ní lọ́kàn, ohun yòówù tó bá ń tan àtùpà, tó ń gbé ọkọ̀ fò, tó ń yí ọlọ nínú ìlú tí ẹ̀yin fúnra yín tẹ̀ dó sórí ìwé.

Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn onídán tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá wọn kà, òkúta kan máa ń wà. Òkúta náà á máa tàn. Àwọ̀ búlúù ló sábà máa ń ní. N kò mọ ẹni tó ṣòfin pé búlúù ni idán gbọ́dọ̀ jẹ́. Wọ́n á ki òkúta bọ inú ọkọ̀, ọkọ̀ á gbéra nílẹ̀. Wọ́n á gbé òmíràn kọ́ sí òrùlé ààfin, gbogbo ìlú á mọ́lẹ̀ rekete. Bí mo bá béèrè pé níbo ni wọ́n ti rí i, wọ́n á ní inú ihò àpáta ni. Ta ló wà á? Kẹ́kẹ́ á pa. Èló ni wọ́n ń tà á? Kẹ́kẹ́ á tún pa. Bó bá jó tán, kí ló ń ṣẹ́ kù? Wọ́n á ní, “Ẹ̀gbọ́n, kì í tán.”

Ibẹ̀ ni ìtàn náà ti ń kú mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn baba wa ní iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀rọ̀ nípa àrólé ni wọ́n fi ń sọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n yá eérú inú rẹ̀ lò lónìí. Kò sí iná láyé tí kì í ní eérú, ì báà jẹ́ eérú tí a lè gbá, ì báà jẹ́ èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ. Mo sì gbà pé ẹni tó ń kó eérú náà ló ni ìtàn. Ẹni tó jókòó sábẹ́ àtùpà kò ní ìtàn kankan láti sọ. Ó kàn ń ríran ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo idán kan tó wà nílẹ̀, tí ojú wa ti mọ́ débi pé a kì í pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ mú lítà epo bẹntiróò kan. Agbára tó wà nínú rẹ̀ tó bíi kìlówáàtì-wákàtí 9, ìwọ̀n tí mítà iná ilé wa fi ń kà. Ọkùnrin tó yó, tí ara rẹ̀ le, tó sì fi gbogbo ara ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8, èyí tí iṣan rẹ̀ lè mú jáde kò fi bẹ́ẹ̀ ju 0.6 lọ. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: iṣẹ́ ọjọ́ 15 ló ká jọ sínú lítà kan yẹn. Ẹ́ńjìnnì máa ń fi èyí tó pọ̀ jù ṣòfò sínú ooru, òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló wúlò, iṣẹ́ bí ọjọ́ mẹ́rin ló ṣì kù níbẹ̀, a sì ń rọ ọ́ sínú jẹnẹrétọ̀ kékeré ká lè wo bọ́ọ̀lù. Láyé àtijọ́, ọba tó bá fẹ́ irú agbára bẹ́ẹ̀, ènìyàn ló ń kó lẹ́rú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò padà dé ibẹ̀.

Abájọ tí àwọn ènìyàn ò fi jáwọ́ nínú wíwá epo onídán láyé gidi. Ní 1916, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní ń gbóná, baba àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Louis Enricht pe àwọn oníròyìn wá sí ilé rẹ̀ ní Farmingdale, nítòsí New York. Ó bu omi sínú táǹkì ọkọ̀ tó ti gbẹ, ó da omi àwọ̀ ewé kan lé e, ọkọ̀ ṣiṣẹ́. Ó ní gálọ́ọ̀nù kan kò ní ná èèyàn ju kọ́bọ̀ kan owó Amẹ́ríkà lọ. Ìròyìn rẹ̀ jà ràn-ìn. Kò fi àṣírí náà han ẹnikẹ́ni, ìwà jìbìtì sì gbé e dé ẹ̀wọ̀n nígbẹ̀yìn. Ní 1996 ẹ̀wẹ̀, ọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní Íńdíà ní òun rí ewé kan, pé bí òun bá sè é nínú omi, epo ni yóò jáde. Gbogbo Íńdíà gbọ́. Àwọn olùwádìí tú u wò, àṣé epo tí wọ́n ti fọ̀ láti ara epo rọ̀bì ló wà nínú ìkòkò idán. Ní 2016, kóòtù kan ní Chennai sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta.

Ẹ má fi àwọn ọmọbìnrin Èkó wé àwọn wọ̀nyẹn o. Ẹ rántí wọn: ọmọ ilé ìwé mẹ́rin, ní oṣù kọkànlá 2012, níbi àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní Maker Faire Africa, tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ tó ń fi ìtọ̀ ṣiṣẹ́ jáde. Lítà ìtọ̀ kan, iná wákàtí 6, bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe gbé e káàkiri nìyẹn. Àwọn ọmọ yẹn kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Háídírójìn wà nínú ìtọ̀ lóòótọ́, iná mànàmáná sì lè yà á sọ́tọ̀. Àwa tí à ń pín ìròyìn náà kiri la kò béèrè pé iná tó ń ṣe iṣẹ́ ìyàsọ́tọ̀ yẹn, níbo ló ti wá. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tọ́ka sí i nígbà náà pé agbára tó ń wọlé yóò ju èyí tó ń jáde lọ. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ náà títí dòní, torí wọ́n gbé ẹ̀rọ jáde níbi tí àwọn àgbà ti ń gbé ẹnu lásán.

Nínú ayé àròsọ, a lẹ́tọ̀ọ́ láti fọ́ òfin ìṣẹ̀dá tó dá Enricht dúró. Ohun tí a pè ní idán kúkú nìyẹn. Àmọ́ ojú kan ni kí a ti fọ́ ọ, kí òǹkọ̀wé sì mọ ojú ibẹ̀ dájú. Bí gbogbo òfin bá fọ́ pọ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò máa bá jà nínú ìtàn.

Ẹ wo ọ̀rá àbùùbùtán. Ká ní ọ̀kan nínú yín ló kọ ọ́, pé ìlú kan wà tí àtùpà rẹ̀ ń mu ọ̀rá ẹranko omi tó tóbi ju ilé lọ, pé àwọn ọkùnrin ń fi ọdún méjì, ọdún mẹ́ta lé e lórí òkun kí wọ́n tó fi ọ̀kọ̀ gún un, a óò ní ó ti ń sọ àsọdùn. New Bedford ní Massachusetts nìyẹn. Irú kan wà nínú àwọn ẹranko náà tí orí rẹ̀ kún fún ọ̀rá tó mọ́ gaara. Àbẹ́là tí wọ́n bá fi ṣe kì í rú èéfín bíi ti ọ̀rá màlúù. Ní 1820, ọ̀kan nínú wọn fi orí kọlu ọkọ̀ Essex tó ti Nantucket wá, láàárín òkun Pàsífíìkì, ó sì rì í. Àwọn atukọ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ pẹ́pẹ̀pẹ́, ebi pa wọ́n débi pé wọ́n jẹ òkú ara wọn kí ẹnikẹ́ni tó rí wọn yọ. Nítorí epo àtùpà! Kò sí idán kankan níbẹ̀. Ẹni tó tan àbẹ́là rẹ̀ nílé ní Boston kò sì gbọ́ igbe ẹnikẹ́ni.

Kí a má lọ jìnnà jù, wọ́n rí èédú ilẹ̀ ní àgbègbè Udi ní 1909, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní Enugu ní 1915. Òun ni ọkọ̀ ojú irin wa ń jẹ nígbà náà. Ẹni tó jókòó lójú fèrèsé ọkọ̀, tó ń ra ọsàn ní ibùdókọ̀, kì í rí àwọn tó ń fi orúnkún wọ́ nínú ihò. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn awakùsà tó ń béèrè owó tí wọ́n jẹ wọ́n ní Iva Valley. Ènìyàn 21 ló kú. Oloibiri ńkọ́? Ọdún 1956 ni epo rọ̀bì jáde níbẹ̀, ọdún 1958 ni ọkọ̀ òkun kọ́kọ́ kó epo Nàìjíríà jáde. Kànga àkọ́kọ́ yẹn ti gbẹ́nu dákẹ́ tipẹ́, wọ́n ti pa á tì, ìlú tó bí i kò sì di Èkó. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Èyí tí àwọn òǹkọ̀wé kì í rántí ni àwọn eléèédú Òkè-Ògùn. Wọ́n á to igi jọ, wọ́n á fi koríko bò ó, wọ́n á fi erùpẹ̀ dì í, wọ́n á wá ti iná bọ inú rẹ̀ láti ojú ihò kékeré. Iná náà kò gbọ́dọ̀ jó, kò sì gbọ́dọ̀ kú. Ojú kan tí erùpẹ̀ bá ti là, afẹ́fẹ́ á wọlé, gbogbo òkìtì á sì di eérú kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ lóru. Bí igi bá jẹ́ 100 kìlò, tí ọwọ́ oníṣẹ́ sì mọ́ ọn dáadáa, èédú tí yóò rí kì í ju nǹkan bíi 20 lọ. Irú èédú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń yọ irin nínú òkúta ní Ìsúndúnrìn lẹ́bàá Èjìgbò, iṣẹ́ tí òyìnbó kan kọ àlàyé rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ irin ní 1904. Ọkọ́, àdá, ọfà, gbogbo rẹ̀ ló jẹ igbó. Mo ń dúró de ìtàn onídán kan ní Yorùbá tí akọni rẹ̀ jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ òkìtì èédú lóru. N kò tíì rí i.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù ni pé àwa gan-an kò yẹ ní ẹni tí yóò máa kọ idán ọ̀fẹ́. Nínú ìtàn wa, kò sí oògùn tí kò ní èèwọ̀. Ẹ wo kánàkò: ọkùnrin kan á gbé ẹsẹ̀ kan, á ti dé ìlú tó yẹ kó fi ọjọ́ mẹ́ta rìn. Gbogbo wa la gbọ́ ọ, a sì mọ̀ pé ó ní ohun tí ẹni tó ni ín kò gbọ́dọ̀ jẹ, tàbí ohun tí kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kọ. Ẹ jẹ́ ká wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè: ìrìn ọjọ́ mẹ́ta tí kò rìn yẹn, ta ló bá a rìn ín? Bóyá àgbẹ̀ kan wà lábúlé kan tó ń jí láràárọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kò sì mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá fẹ́ kí ó kọ ọ́.

Tàbí àlọ́ Ìjàpá àti ìgbákọ. Ìyàn mú, Ìjàpá bá ara rẹ̀ nísàlẹ̀ odò, wọ́n fún un ní ìgbákọ tó ń bu oúnjẹ jáde láìsí ìkòkò. Ó bọ́ ara rẹ̀, ó bọ́ ọba, ó bọ́ ìlú. Bí wọ́n ṣe máa ń pa á níbòmíràn, ìgbákọ náà bàjẹ́ nítorí iṣẹ́ pọ̀ jù fún un. Ìjàpá bá padà sódò láti gba òmíràn. Ẹgba ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ó délé, ó pe ẹgba bí ó ti ń pe ìgbákọ, ẹgba sì fi í jìn, ó na tonílé tàlejò. Àwọn tó pa àlọ́ yẹn mọ̀ pé ọ̀dọ̀ kan náà ni oúnjẹ àti ẹgba ti ń jáde, àti pé orísun tó ń bọ́ ìlú lè rẹ̀. Ọmọdé ni wọ́n ń pa á fún. Àwa àgbà wá jókòó, a ń kọ òkúta búlúù tí kì í tán.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dá epo kan papọ̀. Èmi ni mo ronú kàn án, n kò tíì kọ ìtàn rẹ̀, ẹ lè fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ lójú mi.

Ìlú kan wà tó ń fi oorun dáná. Oorun tí à ń sùn ni mo wí. Òògbé ni wọ́n ń pe epo náà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹni tó fẹ́ ta oorun rẹ̀ á lọ sí ilé ìfúntí, á dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Obìnrin tó mọ ọfọ̀ rẹ̀ á fi òwú tútù lé e níwájú orí. Bí oorun bá ti ń gbé e lọ, òwú á máa mu, obìnrin náà á sì máa fún un sínú ìgò. Nígbà tí àkùkọ bá kọ, ẹni náà á dìde, ojú rẹ̀ á pọ́n, kò ní lè sọ pé òun dijú ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n á kà á lówó. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti fọ́ òfin ayé nìyẹn: pé oorun lè di epo. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ ní iye tirẹ̀.

Mo ní kí oorun òru kan máa tan àtùpà kan fún òru kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò ti ń rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò ta òru tirẹ̀ kó lè rí iná fún òru náà? Kò sí. Nígbà náà, ẹni tó ń tà á àti ẹni tó ń tàn án kò lè jẹ́ ẹnìkan náà láé. Ẹ rí i? N kò tíì dá ọba kankan, n kò tíì dá ọ̀tá kankan, ìṣirò nìkan ti pín ìlú náà sí méjì: àwọn tó ń sùn nínú ìmọ́lẹ̀, àti àwọn tí kì í sùn nínú òkùnkùn.

Ta ni yóò máa tà á? Ẹni tó jẹ gbèsè. Láyé àwọn baba ńlá wa, ẹni tó yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, kó máa fi iṣẹ́ ṣe èlé, tí owó gan-an sì wà níbẹ̀ digbí. Nínú ìlú òògbé, ìwọ̀fà oorun ni yóò wà. Baba kan á fi oorun ọmọ rẹ̀ dúró. Oorun ọmọdé ki ju ti àgbà lọ, owó rẹ̀ sì lé. Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé ọba àtijọ́ tó fẹ́ agbára ńlá, ènìyàn ló ń kó. Ìlú òògbé kò kó ẹnikẹ́ni lẹ́rú, wọ́n á sì búra fún ọ pé olómìnira ni gbogbo ọmọ ìlú. Wọ́n kàn ń ra oorun ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé e? Oorun tó bá gbọ́ ariwo á jí. Ìyẹn ni pé bí ariwo bá pọ̀ lójú ọ̀nà, òògbé inú ìgò á di omi lásán. Ọba á wá ṣòfin: kò sí ìlù láàárín ìgboro, kò sí ìpolówó ọjà, kò sí ẹkún òkú nítòsí àká epo. Ẹ wo ohun tí òfin kékeré yìí bá jẹ́. Àwọn onílù kò ní iṣẹ́ mọ́. Ọdún eégún dé, eégún jáde láìsí bàtá. Bí ọ̀tẹ̀ yóò bá bẹ̀rẹ̀ nínú ìlú yẹn, mo mọ agbo ilé tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ohun ìjà wọn kò ju gángan kan lọ. Wọn kò ní láti pa ẹnikẹ́ni, ẹ̀gbẹ́ àká epo ni wọn yóò ti lù ú lóru.

Ayédèrú ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ wà. Ibi tí epo bá wà, àdàlù wà. Ẹ ti gbọ́ bí kẹrosíìnì tí wọ́n da nǹkan mìíràn lù ṣe ń bú gbàù mọ́ni lójú nínú ilé ìdáná. Nínú ìlú òògbé, oorun ọ̀mùtí ni wọ́n fi ń ṣe àdàlù. Ó pọ̀, ó sì ṣe wẹ́kú lójú, àmọ́ ó ń rú èéfín, iná rẹ̀ sì ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́.

Kí ni eérú rẹ̀? Àlá ni. Oorun ló ń jó, àlá kì í jó. Ó máa ń silẹ̀ sínú ìgò, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tó lẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á fọ ìgò, wọ́n á da gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ sódò. Àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ odò ń mu omi náà. Wọ́n wá ń lá àlá alálàá. Àgbẹ̀ á jí, á máa pe orúkọ ìyàwó tí kò fẹ́ rí. Ọmọ ọdún mẹ́fà á máa ké nítorí gbèsè. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí kò dé ìgboro rí, tó sì mọ iye yàrá tó wà láàfin àti ibi tí wọ́n sin ẹnìkan sí lóru, nítorí ìwọ̀fà kan tó ń gbálẹ̀ láàfin ń ta oorun rẹ̀. Ìdí abájọ ni mo fi ń sọ pé kí ẹ wá eérú. Nígbà tí mo ń ro bí wọ́n ṣe ń tan àtùpà, n kò rí ẹnìkan tí mo lè bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, mo bá ìyá yìí.

Ohun kan ṣì kù, òun ló sì ṣòro jù láti kọ dáadáa. Ọmọ alágbẹ̀dẹ kan dá àtùpà tuntun tó ń mu ìlàjì òògbé. Ayọ̀ ṣubú layọ̀. Wọ́n ní àwọn olùta oorun yóò sinmi báyìí. Kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ní 1865, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan ní Gẹ̀ẹ́sì, William Stanley Jevons, ṣàkíyèsí pé bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mọ èédú ṣọ́ lò tó, bẹ́ẹ̀ ni èédú tí orílẹ̀-èdè ń sun ń pọ̀ sí i, nítorí pé ohun tó dínwó ń rí iṣẹ́ tuntun ṣe. Ìlú òògbé náà á rí iṣẹ́ tuntun. Ọjà alẹ́ á là. Ilé ìhunṣọ á máa ṣiṣẹ́ mọ́jú. Kí ọdún tó yípo, oorun tí wọ́n ń fún lóru kan á ti ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọmọ alágbẹ̀dẹ tó fi inú rere ṣe àtùpà á sì máa wo ojú pípọ́n àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ di ènìyàn burúkú. Ìtàn náà á bàjẹ́ bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibí ni mo fẹ́ dúró sí, kí ẹ lè bi mí ní ìbéèrè.

Ẹni àkọ́kọ́ tó dìde béèrè bóyá ó di dandan kí òǹkàwé mọ gbogbo ìṣirò yìí. Rárá o. Ẹ má kó o fún un. Ìwọ tí ò ń kọ ọ́ ni kó o mọ̀ ọ́n, òun á kàn máa rí i pé àwọn ènìyàn ìlú náà kì í pariwo, á sì máa wá ìdí rẹ̀ kiri.

Arákùnrin kan lẹ́yìn ní òun ṣì fẹ́ kọ epo tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá, pé ìrètí ni òun fẹ́ fún àwọn ènìyàn. Mo ní kó kọ ọ́, kó má sì dúró síbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí Edwin Drake, ará Amẹ́ríkà kan, gbẹ́ kànga epo ní Titusville, Pennsylvania, ní 1859, tí kẹrosíìnì wá di olówó pọ́ọ́kú, àwọn kan ní àbùùbùtán ti bọ́ lọ́wọ́ ikú. Lóòótọ́ ọjà ọ̀rá àtùpà wó, New Bedford sì yíjú sí aṣọ híhun. Àmọ́ epo rọ̀bì kan náà ló wọ inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ọdẹ nígbẹ̀yìn, ọkọ̀ náà sì wá ń bá àwọn irú àbùùbùtán tó yára, èyí tí ọkọ̀ onígbòkun kò lè lé bá rí. Wọ́n fi ọ̀rá wọn ṣe ọṣẹ àti májárínì. Iye tí wọ́n pa láàárín ọdún 1900 sí 1999 sún mọ́ mílíọ̀nù 3. Arákùnrin náà ní ó dára, òun á wo bí epo ọ̀fẹ́ òun yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò béèrè fún un.

Ọmọbìnrin kan ló béèrè kẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Oorun àsùn-ùn-jí ńkọ́, ti òkú? Ṣé ìyẹn ò ní epo nínú ni?” Gbọ̀ngàn pariwo. Ẹnìkan ní “Háà, ọmọ yìí!” Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láìwo ẹnikẹ́ni: bí oorun òru kan bá tan àtùpà kan, ti ẹni tó ti sùn fún igba ọdún á gbé ìlú kan ró, wọ́n á kọ́kọ́ lọ bá òkú tí kò ní ẹbí, lẹ́yìn náà wọ́n á máa ra sàréè lọ́wọ́ àwọn ọmọ olóòkú, wọ́n á máa gbẹ́lẹ̀ síwájú sí i, sí ibi tí òkú ti pẹ́ jù, tó sì ki jù.

Mo sọ fún un pé èédú Enugu, òkú igi àti ewé ni, tí ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún. Epo Oloibiri náà, òkú àwọn ohun ẹlẹ́mìí àtijọ́ ni. Ó ní òun mọ̀, wọ́n kọ́ àwọn nílé ìwé, òun ló fi béèrè. Mo ní kó jókòó kó kọ ọ́, pé mo ti yọ̀ǹda ìlú òògbé fún un, àtòun àtìyá ìsàlẹ̀ odò. Ó béèrè bóyá òun lè yí orúkọ ìlú náà padà.